Orí Kẹfà: Alátakò Tí Kì í Kánjú

Oríṣi alátakò kan wà tí àwọn tó ń ta géèmù ìjà kórìíra ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Kì í fò kiri, kì í sì í déédéé kọlu èèyàn. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó gbé gáàdì sókè, ó ń sún síwájú díẹ̀, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi ṣe ohun tí kò yẹ kí o ṣe. Ìgbà yẹn ni yóò wá nà ọ́. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ á wọlé, márùn-ún mìíràn á tò tẹ̀ lé e, ìdámẹ́ta ẹ̀mí rẹ á sì ti lọ kí o tó dìde nílẹ̀. Bí o bá tún gbìyànjú, ohun kan náà ni. Àwọn ọmọ máa ń pè é ní ojo, wọ́n ní kò lè jà. Ojo ọ̀hún ló sì ń borí wọn lójoojúmọ́.

Bí èèyàn bá fẹ́ rí ibi tí ẹjọ́ yìí ti ń wáyé dáadáa, kó lọ sí Barking àti Dagenham ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ìkànìyàn ọdún 2021 ka èèyàn 218,900 níbẹ̀, 24.5% nínú wọn ni kò sì tíì pé ọmọ ọdún 15. Kò sí àgbègbè mìíràn ní England àti Wales tí ọmọdé ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ará ibẹ̀. Yorùbá ò kéré nínú wọn rárá. Ọ̀pọ̀ ń gbé ní Becontree, àwọn ilé bíríkì tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1921, tí wọ́n fi lé ní 25,000 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Pálọ̀ àwọn ilé náà kò tóbi. Tí ọmọ méjì bá ń jà lójú tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, gbogbo ilé ló ń jà, títí kan ìyá tó wà ní kíṣìnì tó ń béèrè pé ta ló ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú ìjà wọ̀nyẹn. Street Fighter 6 ni, èyí tí Capcom gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mú Ken lára àwọn oníjà inú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé tí kò tíì bọ́ bàtà, mú Guile. Guile ti wà láti Street Fighter II ti ọdún 1991, ìwà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà: o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di pádì mú sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ kí o tó lè ju Sonic Boom, tàbí kí o dì í mú sísàlẹ̀ kí o tó lè fi ẹsẹ̀ gé ẹni tó ń bọ̀ láti òkè. Ìyẹn ni pé fífà sẹ́yìn gan-an ló ń fún un lágbára. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn ni.

Ẹ̀gbọ́n lóṣòó sí igun. Ó ju Sonic Boom kan, àbúrò fi gáàdì gbà á. Ó ju òmíràn, ó tún gbà á. Bí ẹ̀kẹta ṣe ń bọ̀, ọwọ́ ti ń yún àbúrò. Ó fò sókè kó lè ré kọjá lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ Guile ti ń dúró dè é lókè. Ken ṣubú gbì. Bó ṣe ń dìde, inú ti ń bí i, ló bá ju Shoryuken, ẹ̀ṣẹ́ tó ń gbé ẹni tó jù ú lọ sókè yẹn. Ẹ̀gbọ́n ò ṣe ju pé ó gbé gáàdì dúró. Ken wá ń ti òfúrufú bọ̀ wálẹ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, kò lè ṣe nǹkan kan, Guile sì ti gbaradì nísàlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ò tiẹ̀ jà! Ẹ kàn jókòó síbẹ̀!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí o máa fò ni?"

Ìdáhùn yẹn kì í ṣe àwàdà. Géèmù ìjà máa ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán yìí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ń pè ní fíréèmù, òun ni wọ́n sì fi ń wọn ohun gbogbo. Ẹ̀ṣẹ́ tó yá jù lọ ní Street Fighter 6 máa ń dé ara ẹni ní fíréèmù mẹ́rin. Ní Tekken, géèmù ìjà mìíràn, fíréèmù 10 ni. Fífò, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ títí tí yóò fi padà balẹ̀, tó nǹkan bí 40. Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ènìyàn. Láti ìgbà tí nǹkan bá yọ sí wa lójú títí di ìgbà tí ìka wa yóò tẹ bọ́tìnnì, ó máa ń tó ìdá 200 sí 250 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó jẹ́ fíréèmù 12 sí 15. Kò sí ẹni tó lè kọ́kọ́ rí ẹ̀ṣẹ́ fíréèmù mẹ́rin kó tó gbé gáàdì. Ẹni tó bá gbà á, gáàdì rẹ̀ ti wà lókè tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n fífò? Ẹni tó ń wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì pàápàá lè rí i kó sì tún rí àyè dá a lóhùn.

Nítorí náà, ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ pé ojú àti ọwọ́ àwọn onísùúrù yá ju tiwọn lọ kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Peter McLeod yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò lára àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún orílẹ̀-èdè, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1987. Ó to igi sábẹ́ ẹní tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ lé, kí bọ́ọ̀lù lè máa yà sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò retí. Nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀jẹ̀ náà kò lè yí ọwọ́ padà kó tó nǹkan bí ìdá 200 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni lójú pópó. Ohun tó fi wọ́n ṣe ọ̀jẹ̀ ni pé lórí pápá, wọ́n ti máa ń ka apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ẹ̀gbọ́n yẹn ń kà? Ohun kan ṣoṣo: ṣé àbúrò yóò fò? Ní 1868, ní Utrecht, oníṣègùn ará Netherlands kan, F. C. Donders, ti fi hàn pé ẹni tó ń retí àmì kan ṣoṣo máa ń yára dáhùn ju ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo ló yọ nínú oríṣiríṣi. W. E. Hick, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò gbè é lẹ́yìn ní 1952: bí iye ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ń pẹ́ sí i. Lójú tèmi, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Onísùúrù ò yára jù ọ́ lọ. Ìwọ lo fún un ní nǹkan díẹ̀ láti ṣọ́, ló fi ń rí ọ nígbà gbogbo.

Ohun kan wà ní Street Fighter 6 tó fi èyí hàn kedere. Wọ́n ń pè é ní Drive Impact, ẹ̀ṣẹ́ ńlá kan tó ń gba fíréèmù 26 kó tó balẹ̀, tí àwọ̀ àti ariwo rẹ̀ sì bo gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Fíréèmù 26 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ojú wa nílò. Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ń jẹ ẹ́ nínú ìdíje ńlá, lójú gbogbo ayé. Ojú wọn ò fọ́. Nǹkan mẹ́rin mìíràn ni wọ́n ń ṣọ́ lọ́wọ́.

Àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi nílé mọ irú ẹni yìí dáadáa. Ọmọ ayò 48, ilé 12. Ọ̀pẹ á máa sáré jẹ méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ á máa dùn. Ọ̀ta á máa kó ọmọ jọ sínú ilé kan títí yóò fi di odù, kò ní wí nǹkan kan, àfi nígbà tí ilé ọ̀pẹ bá ti ṣófo tán tí yóò wá tú u. Ọ̀pẹ tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀ta kò lè fi ìkánjú bọ́. Kíkà ni yóò kà: ọmọ mélòó ló wà nínú odù yẹn, ilé wo ni yóò parí sí bó bá tú u lónìí, èwo bó bá tú u lẹ́yìn ọwọ́ méjì sí i. Ẹni tó ń ta géèmù ìjà náà ní láti mọ òǹkà tirẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ́ kan ní Tekken bá fi ọ́ sílẹ̀ fún fíréèmù 10 láìlè ṣe nǹkan kan lẹ́yìn tí wọ́n fi gáàdì gbà á, ẹ̀ṣẹ́ kékeré alátakò yóò bá ọ níbẹ̀, láìkùnà. Bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kò lè bá ọ. Fíréèmù kan péré ló wà láàárín ìyà àti àlàáfíà. Géèmù òde òní kò fi òǹkà yìí pamọ́: Street Fighter 6 ń fi í hàn ní ibi ìdánrawò rẹ̀, àfi kí èèyàn fẹ́ wò ó.

Ibi tí mo máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìjà tó pàdánù. Géèmù náà máa ń fi àwọn ìjà tó o bá ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́ fún ọ. Ṣí ọ̀kan, dá a dúró níbi kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀mí rẹ ti dínkù gan-an, kí o wá bi ara rẹ pé kí ni ìwọ ń ṣe kí wọ́n tó nà ọ́. Àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè ohun tí alátakò ṣe. Ìyẹn ò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ kò ní ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: o fò láìnídìí, o dìde pẹ̀lú Shoryuken, o parí ẹ̀ṣẹ́ rẹ gbogbo síbi kan náà tí gbogbo ayé ti mọ̀, o ju ẹ̀ṣẹ́ sófìfo níbi tí ọwọ́ rẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ alátakò. Mú ọ̀kan kúrò. Ẹyọ kan, kì í ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fún ọ̀sẹ̀ kan, má dìde pẹ̀lú Shoryuken rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ lo máa pàdánù. Ọ̀pọ̀ onísùúrù ni ebi máa ń pa nígbà yẹn. Wọ́n ti mọ́ra láti máa jẹ ohun tí o gbé wá. Bí o ò bá gbé e wá mọ́, ó di dandan kí àwọn náà dìde wá oúnjẹ.

Lẹ́yìn èyí ni wàá wá fún onísùúrù náà níṣẹ́ ṣe. Rìn. Kò sí ohun tó ń dun Guile tó kí èèyàn máa rìn bọ̀, kó fi gáàdì gba Sonic Boom, kó tún rìn. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀, bí ó bá sì kan ògiri, kò síbi tí àgbò yóò fẹ̀yìn sí mọ́. Gáàdì pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́ nínú géèmù yìí: ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà ń jẹ lára ọ̀pá agbára Drive rẹ̀, bí ọ̀pá yẹn bá sì tán, àwọn ọwọ́ pàtàkì, irú bíi Sonic Boom, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀mí rẹ̀ látinú gáàdì. Tí o bá ti sún mọ́ ọn, gbá a mú kí o sì là á mọ́lẹ̀. Gáàdì kì í dá ìgbámú dúró, fíréèmù márùn-ún ló sì ń gbà, kò ṣeé rí kó tó dé. Ó ní láti fojú inú wò ó ni. Bó bá wá ń tẹ bọ́tìnnì láti já ara rẹ̀ gbà, nígbà míì kí o dúró díẹ̀, kí ó jà sófìfo, kí ìwọ wá nà án. Ní báyìí ó ń ṣọ́ ìgbámú, ó ń ṣọ́ ẹ̀ṣẹ́ kékeré, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ń ṣọ́ Drive Impact. Òfin Hick ti dé bá a. Ìgbà yìí ni o wá lè fò, lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ní rí ọ.

Aago náà tún wà. Bí àkókò bá tán, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ pọ̀ jù ló borí. Ọ̀pọ̀ ọmọdé gbàgbé èyí pátápátá. Tí o bá ti ṣíwájú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan péré, onísùúrù ni iṣẹ́ kàn: bó bá jókòó, ó ti pàdánù. Jókòó tì í! Bí a ṣe ń rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní sùúrù kankan tayọ pé àwọn ló ṣíwájú nìyẹn.

Ìjà kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ta géèmù yìí mọ̀, tí wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ọwọ́ tó yá. Ní ọdún 2004, níbi ìdíje Evo ní California, Justin Wong ará Amẹ́ríkà fi Chun-Li kojú Ken ti Daigo Umehara ará Japan nínú Street Fighter III: 3rd Strike. Wong ni onísùúrù ibẹ̀. Òkìkí rẹ̀ ti kàn fún jíjókòó ti ènìyàn. Ẹ̀mí Daigo kù bíńtín débi pé bó tilẹ̀ fi gáàdì gba ọwọ́ pàtàkì kan ṣoṣo, ó parí. Aago ṣì ń lọ, Wong ló sì ṣíwájú. Ó lè dúró. Kò dúró; ó ju ọwọ́ agbára Chun-Li, ìpá tó ń rọ́ tẹ̀ léra bí òjò. Daigo ti pádì síwájú ní àsìkò rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ìpá 15, èyí tí géèmù náà fi ń sọ ẹ̀ṣẹ́ di asán, ó dá a padà, ó sì borí. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ìka Daigo. Èmi máa ń wo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ṣáájú rẹ̀: ó ń sún síwá sẹ́yìn ní ibi tí ọwọ́ agbára yẹn lè dé, ó mọ ohun tí ọkàn Wong ń fẹ́, nítorí kò sí ẹni tó lè gba ìpá àkọ́kọ́ nínú wọn bí kò bá ti ń retí rẹ̀. Onísùúrù ni wọ́n mú kánjú lọ́jọ́ náà. (Daigo kọ́ ló gba ife ẹ̀yẹ o. Kenji Obata ló na án nínú àṣekágbá, fídíò tó gbajúmọ̀ yẹn kì í sì í dé ibẹ̀.)

Mímọ̀ gbogbo èyí kò ní kí ọwọ́ ṣe é. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà dánra wò ni kí wọ́n tún ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ̀ṣẹ́ alátakò ṣe ní ìgbà 50, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọjá sí òmíràn. Ó máa ń dùn, nítorí o rí ara rẹ tó ń dára sí i lójú ẹsẹ̀. Ìwádìí John Shea àti Robyn Morgan ní 1979 sọ ohun tó yàtọ̀: àwọn tí wọ́n da iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta pọ̀ mọ́ra láìtò ṣe burúkú nígbà ìdánrawò, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn náà, àwọn ló rántí jù. Nínú géèmù, èyí rọrùn láti ṣe. Kọ́ alátakò tí géèmù fún ọ ní ibi ìdánrawò ní ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin, méjì tí o lè fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́ àti méjì tí o kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kí o ní kí géèmù máa mú èyí tó bá wù ú jáde. Iṣẹ́ rẹ ni láti mọ èyí tó yẹ kí o fi sílẹ̀. Orí á gbóná. Wàá ṣì í gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, lọ sùn. Àwọn òbí á fẹ́ràn ìpínrọ̀ yìí. Ní 2002, Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi ìka mẹ́rin tẹ bọ́tìnnì ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan: 4, 1, 3, 2, 4. Kí ni kọ́ńbò, àwọn ẹ̀ṣẹ́ tó ń tò tẹ̀ léra wọn, bí kò ṣe ìyẹn? Àwọn tó sùn mọ́jú kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́ yára sí i ní nǹkan bí 20%, láìfi ọwọ́ kan bọ́tìnnì láàárín. Àwọn tó lajú sílẹ̀ fún iye wákàtí kan náà lójú mọmọ kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń ta géèmù di aago méjì òru nítorí pé ó fẹ́ gbẹ̀san ìnà kan ń ba ohun tó kọ́ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ jẹ́.

Ẹ̀san yẹn náà jẹ́ àìsàn kan lọ́tọ̀. Daniel Kahneman àti Amos Tversky ti kọ ọ́ ní 1979 pé ohun tí a pàdánù máa ń dùn wá ju bí irú rẹ̀ tí a jèrè ṣe ń dùn mọ́ wa lọ. Nínú géèmù, ìrora yẹn ló ń sọ pé "gba ẹ̀mí rẹ padà nísinsìnyí", ìgbà náà sì ni èèyàn ń fò. Bí wọ́n bá là ọ́ mọ́lẹ̀, dìde pẹ̀lú gáàdì, kí o mí sínú lẹ́ẹ̀kan kí o tó tẹ ohunkóhun.

Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀jẹ̀ tirẹ̀. Benjamin Simon, tí wọ́n ń pè ní Problem X, gbéra láti ibẹ̀ lọ sí Las Vegas ní 2018, ó sì na Tokido ará Japan nínú àṣekágbá Street Fighter V ní Evo. M. Bison ló ń lò jù, ó tún ní òmìrán kan, Abigail, tó máa ń mú jáde nígbà tí alátakò bá ti mọ́ Bison lára. Òfin Hick náà ni, ní ọ̀nà mìíràn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Arslan Ash láti Lahore gba Evo Japan àti Evo ti Las Vegas nínú Tekken 7. Ẹni tí ayé ò mọ̀ rí ni tẹ́lẹ̀, eré rẹ̀ sì kún fún fífà sẹ́yìn àti nína ẹni tó bá jù sófìfo. Ohun tó yà àwọn ará Kòríà lẹ́nu jù ni bó ṣe sọ pé àwọn tó tó òun ta ṣì wà nílé ní Pakistan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń na ara wọn, lójúkojú.

Ojúkojú yẹn ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọ wa tó ń bá ìbátan wọn ní Èkó ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn Glo-1 tó ti Bude ní England gba abẹ́ òkun dé Èkó gùn tó nǹkan bí 9,800 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ ń sá 200,000 kìlómítà nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, kí ohun tí o tẹ̀ ní Dagenham tó dé Surulere, fíréèmù mẹ́ta ti lọ, ká má tíì ka ẹ̀rọ tó wà láàárín. Fífò ṣì ń hàn níbẹ̀. Drive Impact ń ṣòro sí i. Ẹ̀ṣẹ́ fíréèmù 20 tí ẹ̀gbọ́n máa ń rí nínú pálọ̀ kò ní hàn sí ìbátan ní Èkó mọ́, àbúrò á wá rò pé ohun tí òun ń ṣe ti dára. Tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí ó ní sùúrù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé.